Yìnyín inú ife ìyá olóbísàpù

Ìbéèrè láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo):

Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Ẹjọ́ kan ló wà nílé wa. Ọmọ mi tó wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì dé lọ́jọ́sí, ó ní tísà àwọn sọ pé yìnyín tó wà nípẹ̀kun ayé ń yọ́, pé omi òkun á gbé Kútọnú lọ. Àbúrò bàbá ẹ̀ tó ń gun ọ̀kadà zémi ní irọ́ gbuu, òyìnbó ló ń wá owó. Èmi bísàpù ni mò ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Wàndó, ojoojúmọ́ lèmi àti yìnyín jọ wà, mo wá kó díẹ̀ sínú ife omi, mo fi bíìkì fa ìlà síbi tí omi dé, ìgbà tí yìnyín yẹn yọ́ tán omi ò kúrò lójú ìlà rárá! Ṣé àbúrò ọkọ mi kọ́ ló jàre báyìí?

Ìdáhùn:

Ẹ kú ọjà o, ìyá wa. Inú mi dùn sí yín gan-an, torí ẹ̀yin dán an wò, ọ̀pọ̀ tó ń pariwo lórí ọ̀rọ̀ yìí ò dán nǹkan kan wò rí. Ohun tẹ́ ẹ rí yẹn, òótọ́ ni. Yìnyín tó bá ti léfòó sórí omi ti gba àyè tiẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó bá yọ́ omi ò ní fi bẹ́ẹ̀ ga. Bí èyí tó wà lórí òkun Àkítíìkì lápá àríwá ayé ṣe rí nìyẹn.

Àmọ́ ẹ bá mi ṣe ẹ̀ẹ̀kejì lọ́la. Ẹ bu omi dé ojú ìlà yẹn, ẹ gbé asẹ́ lé ẹnu ife, ẹ wá kó yìnyín sórí asẹ́, kẹ́ ẹ lọ máa tajà yín. Tẹ́ ẹ bá padà dé, omi á ti kọjá ìlà. Greenland lápá àríwá ayé àti Antarctica lápá gúúsù ni asẹ́ yẹn, orí ilẹ̀ ni yìnyín ibẹ̀ jókòó sí, ibòmíì nípọn ju kìlómítà 3 lọ, ti Greenland nìkan bó bá yọ́ tán, òkun á fi bíi mítà 7 ga. Kò ní ṣẹlẹ̀ lójú wa o, ẹ ní kọ́mọ yẹn rọra. Àmọ́ láti 1900 òkun ti fi bíi sẹ̀ǹtímítà 20 ga, yìnyín tó ń yọ́ wà níbẹ̀, omi gbígbóná tó máa ń gba àyè ju tútù lọ náà wà níbẹ̀.

Àbúrò ọkọ yín ò ṣì ní gbogbo ọ̀nà. Òkun tó ń jẹ ilé àwọn èèyàn lápá ìlà-oòrùn Kútọnú, ẹ má di gbogbo ẹ̀ ru yìnyín, pọ́ọ̀tù tí wọ́n kọ́ ní bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ló dí iyanrìn tí omi máa ń gbé wá lọ́nà. Bẹ́ẹ̀ náà ni 2014, yìnyín orí òkun tó yí Antarctica ká pọ̀ ju bí sàtẹ́láìtì ṣe rí i rí lọ, àwọn tí ò gbà gbọ́ jó, wọ́n yọ̀. Nígbà tó di 2023 tó kéré ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, mi ò gbúròó wọn mọ́.

Ti owó yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ọdún 1859 ni John Tyndall, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ti dán an wò ní London pé gáàsì tó ń jáde lára nǹkan tá a bá ń jó máa ń há ooru mọ́lẹ̀. Mọ́tò ò tíì sí nígbà yẹn, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ epo bẹntiróòlù kpayo tí wọ́n ń rọ sí zémi, ta ló fẹ́ fún un lówó?

Ìbéèrè láti Kétu:

Ọyẹ́ tó kọjá mú mi débi pé kóòtù ni mo fi sùn. Ayé wo ló wá ń gbóná?

Ìdáhùn:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọyẹ́ ọdún kan lẹ̀yin ń kà, ọgbọ̀n ọdún làwọn tó ń wọn ojú ọjọ́ máa ń kó pọ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, káàkiri ayé sì ni, kì í ṣe Kétu nìkan. Nínú ìwọ̀n tiwọn, 2024 ló gbóná jù láti ìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ọyẹ́ á ṣì máa wá o, kóòtù yẹn, ẹ má tíì tà á.