Bàbà Kéré Nínú Ẹ̀jẹ̀ Mi: Ṣé Kí N Lo Oògùn Rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọwọ́ àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 19, ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Dókítà ní àrùn Wilson ni, pé bàbà (copper) ti pọ̀ jù nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí èmi náà ṣàyẹ̀wò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan kan ò ṣe mí. Èsì mi: bàbà inú ẹ̀jẹ̀ 52 µg/dL, ceruloplasmin 11 mg/dL. Méjèèjì kéré. Ẹnì kan tó ń ta oògùn ní kí n lo fítámìnì tó ní bàbà nínú. Ṣé kí n lò ó?

Ìdáhùn: Ẹ má lò ó. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ tó ka ìyókù.

Ó lé ní ogún ọdún tí mo ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Èsì bàbà wà lára àwọn tó ń tan ènìyàn jù. Ẹ̀dọ̀ ló ń di bàbà lé ceruloplasmin, purotéènì tó ń gbé e káàkiri inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ̀dọ̀ á dà á sínú òróòro kó lè bá ìgbẹ́ jáde. Lára ẹni tó ní Wilson, jíìnì (àbùdá àjogúnbá) tí wọ́n ń pè ní ATP7B ti bàjẹ́, iṣẹ́ méjèèjì sì dẹnu kọlẹ̀. Ká ní ẹ dúró lẹ́bàá títì, ẹ ń ka èrò inú ọkọ̀ tó ń kọjá. Wọn ò pọ̀. Ṣé èrò ò sí ni? Wọ́n há sí gáréèjì, wọn ò rí ọkọ̀ wọ̀. Ẹ̀dọ̀ ni gáréèjì yẹn. Bó bá kún àkúnya, bàbà á já lọ sínú ọpọlọ àti ojú.

Nítorí náà, 52 yín ò sọ pé bàbà ò tó yín. Kò sì tíì sọ pé ẹ ní àrùn náà. Ẹni tó gba jíìnì tó bàjẹ́ lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá ló ń ṣàìsàn. Ẹni tó gba ẹyọ kan kì í ṣàìsàn, àmọ́ ceruloplasmin tirẹ̀ náà lè wálẹ̀.

Ìtọ̀ wákàtí 24 ló kàn. Kẹ́ẹ̀gì tí yàrá àyẹ̀wò bá fún yín ni kí ẹ lò, kì í ṣe ike ilé. Tí ẹ bá jí, ẹ tọ àkọ́kọ́ dànù, ẹ kọ aago sílẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo rẹ̀ ni kó wọ kẹ́ẹ̀gì, títí kan ti aago yẹn lọ́jọ́ kejì. Bí ẹ bá gbàgbé ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ. A ó tún un ṣe, ẹnikẹ́ni ò ní bínú. Bí bàbà inú rẹ̀ bá ju 100 µg lọ, àfura ti lágbára. Lára ẹni tí nǹkan kan ò ṣe, a kì í fojú fo 40 pàápàá.

Bí wọ́n bá ti mọ ibi tí jíìnì àbúrò yín ti bàjẹ́, ẹ ní kí wọ́n wá ibẹ̀ gan-an lára yín. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí kì í fi ènìyàn sí agbedeméjì.

Bí àrùn náà bá wà lára yín, oògùn wà: penicillamine, trientine tàbí zinc. Títí ayé ni wọ́n ń lò ó, kódà bí ara bá le koko. Ẹni tó bá tètè bẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ tó gbọ̀n, ọwọ́ náà lè má gbọ̀n láéláé.

Ẹ ò sọ iye ẹ̀yin ọmọ ìyá. Ọ̀kan nínú mẹ́rin ni ewu tó wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan yín. Ẹ kó àwọn tó kù wá fún àyẹ̀wò.