Kí Ló Kan Pọ̀ǹmọ́ Nínú Àyẹ̀wò Iṣan Ẹsẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Màmá mi ń ta iṣu lọ́jà Kábà, iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ wọn ti wú, ó lọ́ bí okùn. Àwọn olùṣèwádìí fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ wọn lápá àti lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí màmá má jẹ pọ̀ǹmọ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú. Kí ló kan pọ̀ǹmọ́? Ṣé èsì yìí á sọ ìtọ́jú tó yẹ wọ́n?

ÌDÁHÙN: Awọ ni pọ̀ǹmọ́, irú purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní collagen ló sì pọ̀ jù nínú awọ. Collagen náà ló ń mú ògiri iṣan le. Bí ògiri ọ̀hún bá ń bàjẹ́, èérún rẹ̀ á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Hydroxyproline, èròjà kan tó wà nínú collagen, ni wọ́n sábà ń wọ̀n nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sì jẹ pọ̀ǹmọ́ tàbí ẹsẹ̀ màlúù lálẹ́, ẹ̀rọ ò ní mọ hydroxyproline ọbẹ̀ yàtọ̀ sí ti iṣan. Kí màmá yẹra fún un, kí wọ́n má sì jẹun láti alẹ́ títí wọ́n á fi gba ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ wá láti ibi tí àìsàn wà. Ti apá ni wọ́n á fi wé e.

Ẹ wo ìdérí ìgò ẹ̀jẹ̀ náà. Heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, wà nínú èyí tó ní ìdérí àwọ̀ ewé, bẹ́ẹ̀ heparin fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn glycosaminoglycan, èròjà ògiri iṣan mìíràn tí wọ́n ń wá. Ẹni tó bá lò ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ da ohun tó fẹ́ wọ̀n sínú ìgò! Ìdérí pupa ni kí wọ́n lò. Kí ẹ̀jẹ̀ dúró bí ìṣẹ́jú 30 kó dì, kí ẹ̀rọ yí i fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí omi rẹ̀ wọ fírísà -80°C. Ibẹ̀ ni wàhálà wà lọ́dọ̀ wa: iná lọ, omi yọ́, iná dé, ó tún dì, èròjà ń bàjẹ́. Kí wọ́n pín in sí ìgò kéékèèké, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan yọ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Ní lábù, wọ́n á sè é nínú ásíìdì ní 110°C fún wákàtí 16 sí 24 kí hydroxyproline tó tú sílẹ̀.

Ti ìtọ́jú, rárá o. Egungun náà ń tú collagen sílẹ̀, àìsàn ẹ̀dọ̀ sì ń mú hyaluronic acid, tó jẹ́ glycosaminoglycan pẹ̀lú, pọ̀ lẹ́jẹ̀. Ìwádìí ń fi ọ̀pọ̀ aláìsàn wé ọ̀pọ̀ ẹni tí ara wọn le ni. Èsì ẹnì kan ṣoṣo kò tó tọ́ka sí iṣan. Doppler, àyẹ̀wò tó ń fi ìró wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú iṣan, ni màmá nílò: màmá á dúró, ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò á fi ọwọ́ fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun wọn pọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣàn padà sísàlẹ̀ ju ààbọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá lọ, fáàfù iṣan ò pa ẹnu dé mọ́. Ẹ béèrè rẹ̀ ní Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin. Bí ọrùn ẹsẹ̀ wọn bá ti ń dúdú, tàbí egbò ti yọ níbẹ̀, ẹ má dúró de àwọn olùṣèwádìí.