Margit ò yé pa mí: ṣé kí n ta díìsì yìí ni?

Ìbéèrè: Ọ̀kún o, ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọ̀rẹ́ mi yin Elden Ring létí mi títí mo fi rà á fún PS4. Láti ìgbà tí mo ti dé ẹnu ilé olódi Stormveil, Margit, ọ̀gá tó ń ṣọ́ ibẹ̀, ló ń pa mí. Ìpele 12 ni mo wà, idà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ náà ni mo ṣì ń lò. Mo wá ibi tí mo ti lè dín ìnira rẹ̀ kù, mi ò rí i. Ó dùn mí torí owó tí mo ná. Ṣé páàdì mi ni kò dáa ni, àbí ọwọ́ mi ni kò yá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.
Ọmọ Owé, Kàbà

Ìdáhùn: Ọ̀kún, àbúrò. Má tíì tà á. O tètè dé ọ̀dọ̀ Margit ni.

Gèémù yìí, tí FromSoftware ti Japan gbé jáde ní oṣù Kejì ọdún 2022, kò ní ibi tí wọ́n ti ń dín ìnira kù rárá. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni ilẹ̀ tó fẹ̀: ibi tó bá le jù fún ẹ, o lè fi í sílẹ̀ kí o lọ wá agbára níbòmíì. Ìmọ́lẹ̀ wúrà tó ń jáde láti ibi ìsinmi tí wọ́n ń pè ní Grace ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ó ń tọ́ka sí Stormveil tààrà, wọ́n á sì rò pé dandan ni kí àwọn lọ síbẹ̀ lónìí. Rárá o. Ẹlẹ́ṣin oníwúrà tó ń ṣọ́ ojú ọ̀nà nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde sí gbangba ti kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ: kì í ṣe gbogbo ohun tó bá dúró níwájú rẹ ló yẹ kí o bá jà lójú ẹsẹ̀.

Ohun ìjà rẹ ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe. Láti gbé e dé +1, òkúta Smithing Stone [1] méjì ni, +2, mẹ́rin, +3, mẹ́fà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12, pẹ̀lú runes díẹ̀ (owó inú gèémù, òun náà lo fi ń gbé ìpele rẹ sókè). Owú irin tó wà ní Church of Elleh tó láti gbé e dé +3, o ò nílò alágbẹ̀dẹ kankan. Wọ inú ihò ìwakùsà Limgrave Tunnels, nítòsí adágún Agheel. Òkúta náà wà lára ògiri, ó sì wà lọ́wọ́ àwọn tó ń wà á. Ohun ìjà kan ṣoṣo ni kí o kó gbogbo rẹ̀ lé. Ẹni tó bá pín in sí idà, ọ̀kọ̀ àti àáké, kò sí èyí tó máa dé +3 nínú wọn.

Lẹ́yìn náà, Vigor, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀mí rẹ. Àwọn olùbẹ̀rẹ̀ máa ń kó runes wọn sórí Strength torí wọ́n fẹ́ kí idà dun ọ̀tá, ṣùgbọ́n ní ìpele kékeré, +3 máa ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Vigor ló ń jẹ́ kí o yè é lẹ́yìn àṣìṣe kan. Gbé e dé 20 kó o tó padà lọ, kí ìpele rẹ náà sì wà láàárín 25 sí 30. Gúúsù ni kí o lọ, sí Weeping Peninsula: àwọn ọ̀tá ibẹ̀ rọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta sì wà níbẹ̀ tí Sacred Tear wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń jẹ́ kí oògùn inú ìgò rẹ lágbára sí i. Golden Seed lo fi ń mú iye ìgò pọ̀ sí i; ọ̀kan rẹ̀ wà lábẹ́ igi kékeré tó ń tàn lójú ọ̀nà Stormhill.

Wo ẹrù ara rẹ náà. Bí ìwúwo ohun tí o wọ̀ bá ti tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí o lè gbé, yíyí tí o fi ń sá fún ìlù á wúwo, á sì pẹ́, ọ̀tá á sì bá ẹ nílẹ̀. Bọ́ irin kan sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sọ pé páàdì òun ti bàjẹ́, ẹrù ló wọ̀.

Ó wá kan ìjà náà gan-an. Margit máa ń gbé ọ̀pá sókè, á sì dá a dúró, bí ẹni tó gbé ọmọ odó sókè tó ń dúró kí ẹnìkejì kọ́kọ́ gún. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀, torí ìbẹ̀rù máa ń mú kí èèyàn tẹ òbìrìkìtì, bọ́tìnnì tí a fi ń yí, nígbà tí ọ̀pá ṣì wà lókè. Má wo apá rẹ̀ nígbà tó ń gòkè. Ìgbà tí ọ̀pá bá bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ ni kí o tó yí, kí o sì yí gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. Bí o bá ń yí sẹ́yìn, ọ̀pá náà gùn tó láti bá ẹ. Ìlù kan tàbí méjì, kí o kúrò. Bí ilà àwọ̀ ewé tó ń fi okun rẹ hàn bá tán, o ò ní lè yí mọ́. Tí o bá mu oògùn níwájú rẹ̀, á ju ọ̀bẹ wúrà sí ẹ, nítorí náà, ẹ̀yìn ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìlù gígùn kan ni kí o mu ún. Nígbà tí ẹ̀mí rẹ̀ bá sún mọ́ àárín, á yọ òòlù wúrà. Sùúrù náà ni.

Gba ìrànlọ́wọ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Lẹ́yìn tí o bá ti ní ẹṣin Torrent, sinmi ní Church of Elleh títí ilẹ̀ á fi ṣú. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Renna á fún ẹ ní agogo àti eérú ìkookò mẹ́ta tí o lè pè jáde sójú ìjà. Àmì wúrà tí wọ́n fi ń pe Rogier, jagunjagun tó lè bá ẹ jà, náà wà lẹ́bàá ẹnu ibi tí Margit wà. Nínú Murkwater Cave, tí Patches, ọlọ́ṣà tó tún jẹ́ oníṣòwò, bá túúbá, má pa á: ó ń ta ẹ̀wọ̀n kan, 5,000 runes, tó ń de Margit mọ́lẹ̀ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjà.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ, yí tẹlifíṣàn rẹ sí Game Mode. Láìsí i, ohun tí o tẹ̀ lè pẹ́ kó tó hàn lójú. Ní System, yan Play Offline kí data má tán. Má sì yọ iná lójijì: lo Quit Game kó o tó pa PS4. Bí iná bá ń lọ láìròtẹ́lẹ̀ ní agbègbè rẹ, wá inverter tàbí UPS, torí gèémù yìí ń kọ ìtọ́jú rẹ̀ sílẹ̀ nígbà gbogbo, iná tó lọ lójú kíkọ lè ba fáìlì jẹ́.

Bí o bá ti ṣe gbogbo èyí, tí o ṣẹ́gun rẹ̀, tí inú rẹ ò sì dùn, gèémù yìí ò bá ẹ lára mu nìyẹn. Àwọn ọ̀gá tó ń bọ̀ níwájú le ju Margit lọ. Skyrim àti The Witcher 3 wà fún PS4, o sì lè yí ìnira méjèèjì bó o ṣe fẹ́. Ta díìsì náà nígbà yẹn, kó tó bàjẹ́.