Olùkọ́ Kẹ́mísírì Tí Kò Ní Ohun Èlò

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní kẹ́mísírì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nítòsí Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n yàrá àyẹ̀wò wa ṣófo, àwọn ọmọ sì kàn ń há ìwé sórí ni. Báwo ni mo ṣe lè di olùkọ́ tó múná dóko?

ÌDÁHÙN: Ẹ má dúró de ìjọba. Ẹ se ìsápá pupa tí a fi ń ṣe sóbò, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì pín omi rẹ̀ sí ife mẹ́ta: èyí tí ẹ bá fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí yóò pọ́n sí i, èyí tí ẹ bá da omi eérú sí yóò di aláwọ̀ ewé, ẹ̀kẹta yóò sì wà bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè fi wé àwọn yòókù. Àmọ́ kí ẹ tó da ohunkóhun sí i, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ohun tó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, nítorí ọmọ tó ti sọ tẹnu rẹ̀ ni yóò fẹ́ mọ ìdí tí kò fi rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣàlàyé ní Yorùbá, kí ẹ tó fún wọn ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí WAEC yóò béèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ irú ìkọ́ni ní Yorùbá bẹ́ẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970. Ẹ tún tètè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ ìjọba tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, òfin ni.