Ọ̀lẹ kọ́ ni ọmọ yín

Ìyá wa ní Ṣábẹ̀, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ ní ọmọbìnrin yín tó wà ní CE1, kíláàsì kẹta, mọ owó ṣírò lórí ju àgbà lọ, ṣùgbọ́n tí ìwé bá ti dé, ẹkún dé. Olùkọ́ ní ọ̀lẹ ni, pé kó tún kíláàsì ṣe, kó má sì dé ìsọ̀ yín mọ́ títí yóò fi mọ̀wé kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé e kúrò ní ìsọ̀. Ibẹ̀ nìkan ló ti ń rí i pé òun mọ nǹkan.

Bí ọmọkùnrin tèmi ṣe rí nìyẹn níbí, ní Kétu ilẹ̀ Benin. Bí oníbàárà bá ti ọ̀nà Ìlárá, ní ẹnubodè Nàìjíríà, wá pẹ̀lú náírà, òun ni yóò ti sọ ọ́ di sẹ́fà kí n tó mú fóònù jáde. Ní ilé ìwé, wọ́n rò pé ó ń kàwé. Lọ́jọ́ kan mo jókòó tì í, ó ń ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ geerege, ìka rẹ̀ ń tọ ìlà lọ. Mo wo ìwé, ojú ewé mìíràn ló ṣí! Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì há a sórí. Ọgbọ́n rẹ̀ ló ń bá a bo àìlèkàwé rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bá máa ṣe àpèkọ, inú á máa run ún. A yẹ ibà wò, a yẹ aràn wò, kò sí. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó bi mí pé, “Màmá, ṣé orí mi ti bàjẹ́ ni?”

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1896, dókítà kan nílùú Ọba, Pringle Morgan, kọ̀wé nípa ọmọ ọdún 14 kan tí ojú rẹ̀ ríran, tó mọ ìṣírò, tí kò sì lè kàwé. Olùkọ́ rẹ̀ ní bó bá jẹ́ ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni, kò ní sí ẹni tí yóò gbọ́n tó o nílé ìwé náà. Dyslexie ni wọ́n ń pè é nísinsìnyí. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ojú ọmọ yín wò, ó dára, ṣùgbọ́n awò ò lè wo èyí sàn. Àwọn tó sì ń sọ pé ayé ló ṣe é, ẹ má ra adìyẹ kankan fún wọn.

Yorùbá ni mo fi kọ́ ọmọ tèmi ní kíkà ná. Faransé á kọ o, á kọ au, á kọ eau, ìró kan náà ni. Tiwa ò fi bẹ́ẹ̀ lọ́jú. Yanrìn ẹ̀yìnkùlé la fi ń kọ lẹ́tà, á máa pe ìró rẹ̀ bó ṣe ń fìka fà á, a ó sì dáwọ́ dúró kó tó sú u. Mo bẹ olùkọ́ pé kó máa ka ìbéèrè ìṣírò sí i létí. Ẹni àkọ́kọ́ kọ̀, ẹni tó gba kíláàsì lẹ́yìn rẹ̀ gbà. Inú rírun yẹn ti lọ tipẹ́ kí kíkà rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dára díẹ̀, kíkà náà sì ṣì ń falẹ̀ títí di òní.

Ní ti kíláàsì títún ṣe, tó bá jẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọmọ yín lésìí náà ni wọ́n tún máa kọ́ ọ, èmi ò ní gbà.

Àbúrò rẹ̀ tí ẹ ní ó máa wọ CI, kíláàsì àkọ́kọ́, ẹ máa ṣọ́ òun náà o. Nǹkan yìí máa ń wà nínú ẹbí.