Ṣé ọlọ́pàá lè yìnbọn fún ẹni tó ń sá lọ?

Ìbéèrè: Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ń gun ọ̀kadà, ó gbé èrò gba Òjúẹlẹ́gbà tí wọ́n ti ní kí ọ̀kadà má gbà mọ́, bó ṣe rí ọlọ́pàá báyìí ló yí i padà tó sá. Wọ́n yìnbọn tẹ̀ lé e, ó bà á lẹ́sẹ̀. Ní tẹ́ṣàn wọ́n ní ṣebí ó sá, pé òfin gbà wọ́n láyè. Ṣé lóòótọ́ ni? (Ìyá ọlọ́jà, Mushin)

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o Mà, Ọlọ́run á bá wa wo ẹsẹ̀ ọ̀hún sàn. Irọ́ ni wọ́n pa, àmọ́ irọ́ tó ní gbòǹgbò ni, ẹ jẹ́ n fi ibi tí wọ́n ti fà á yọ hàn yín.

Kọnsititúṣọ̀n 1999, section 33, ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni, ó wá yọ̀ǹda pé bí wọ́n bá ń mú èèyàn lọ́nà tó bófin mu wọ́n lè lo agbára tó mọ níwọ̀n. Ìwọ̀n yẹn gan-an ni wàhálà. Section 271 nínú Criminal Code, ìyẹn ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, àti Force Order 237 tó jẹ́ ìlànà ìbọn tàwọn ọlọ́pàá fúnra wọn, bó ṣe wà kí wọ́n tó tún un ṣe, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí wọ́n tó lè yìnbọn pa ẹni tó ń sá, ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó la ikú lọ tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún 7 sókè, kó sì tún jẹ́ pé kò sí ọgbọ́n mìíràn rárá tí wọ́n fi lè mú un. Lójú tèmi ìyẹn gan-an ti fẹ̀ jù, torí ìlànà UN (àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé) ti 1990 ní àfi tó bá jẹ́ láti gba ẹ̀mí là.

Ọ̀kadà tí wọ́n fòfin dè ní Surulere, níbi tí Òjúẹlẹ́gbà wà, láti June 1, 2022 wá ńkọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ ojú títì ni, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ò tó ọdún 7. Ẹsẹ̀ tó fi sá ò sì sọ ọ́ di adigunjalè.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí nìyẹn o. Tí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ di ti kọ́ọ̀tù, ohun tó lè gba ẹni tó yìnbọn sílẹ̀ ni kí ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ yín tóbi sí i, ẹ ó kàn gbọ́ pé wọ́n bá ìbọn ìbílẹ̀ lára ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó sáìnì statement kankan láìsí lọ́yà níbẹ̀.

Ọsibítù ò lè ní kẹ́ ẹ lọ gba ìwé wá ní tẹ́ṣàn kí wọ́n tó tọ́jú ẹ̀, òfin 2017 lórí ẹni tí ìbọn bà ti fòpin sí ìyẹn. Ẹ gba rìpọ́ọ̀tù dókítà, ẹ ya fọ́tò ọgbẹ́ àti ọ̀kadà náà, ẹ wá nọ́ńbà àwọn tọ́rọ̀ ṣojú wọn kí wọ́n tó gbàgbé. Ẹ̀ẹ́ tún lè pẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lábẹ́ ìlànà 2009 tí kọ́ọ̀tù fi ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sí pé àsìkò ti kọjá lórí ìyẹn.