Kí ló ń mú kí irin tí wọ́n fi to egungun ìbàdí yẹ̀?

Ẹ béèrè ohun tó lè mú kí síkúrù tí wọ́n fi to ìbàdí ìyá yín, tó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, yẹ̀. Bí ọjọ́ orí bá ti mú kí egungun fúyẹ́, síkúrù kì í rí ibi dì mú, ó sì lè gún orí egungun itan, ìyẹn ibi róbótó tó wọnú ìbàdí, jáde díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, lójú tèmi, ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ ṣe pàtàkì jù: bí egungun kò bá tò gún, tàbí tí àpapọ̀ ìwọ̀n láti ṣóńṣó síkúrù dé téńté orí egungun, nínú ẹ́síréè iwájú àti ti ẹ̀gbẹ́, bá ju mìlímítà 25 lọ, ewu náà ń pọ̀ sí i. Bó bá jẹ́ ọrùn egungun itan, ìyẹn ibi tó wà lábẹ́ orí rẹ̀, ló dá, tó sì kúrò ní ipò, ẹ̀jẹ̀ lè má dé orí rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń pààrọ̀ oríkèé fún àgbàlagbà.